Wákàtí Méjì Láìfọhùn

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Wọn ò gbà mí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwa obìnrin bí ogójì, gbogbo wa wọ dúdú nítorí pé ipa adájọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá rí wa yóò rò pé òkú kan náà ló kú fún gbogbo wa. Aago méjì ti kọjá kí wọ́n tó pè mí wọlé. Mi ò tíì la ẹnu tí ọkùnrin tó jókòó láàárín ti nàka sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe Ìyá Àbàwọ́n!"

Mo ní èmi ni.

Ó ní kí n jọ̀ọ́ ṣe é díẹ̀ fún àwọn. Mo ṣe é. Mo káwọ́ lé orí, mo ranjú, mo ké "Yéè, àbàwọ́n!" gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ké e nínú ìpolówó ọṣẹ yẹn ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà nu ojú tán, ó ní, "Ẹ má bínú, ma. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jókòó sórí àga adájọ́, ọṣẹ làwọn èèyàn á máa rí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni mo ń dúpẹ́ fún gan-an?

Oòrùn mú janjan. Owó ọkọ̀ tún ti lé sí i. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ rẹ̀ pé kó wo Ìyá Àbàwọ́n. Mo kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Yàrá káàdì ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo wà lórí àkàbà, mò ń wá fáìlì bàbá kan tó ní òun ti tọ́jú ojú ní ọsibítù wa rí, ni fóònù mi dún. Ohùn ọmọbìnrin kan ni. Ó ní òun ń darí eré kan ní gbọ̀ngàn kékeré tó wà lókè ilé ìtàwé, ṣé mo lè wá ní Àbámẹ́ta. Mo bi í kí ni kí n kọ́ sórí wá. Ó ní kí n má kọ́ nǹkan kan.

Bàbá náà ń pè mí láti ìsàlẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí i?"

Mo ní mo ti rí i. Mi ò tíì rí nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, ó sì ń run ọ̀dà. Àga bí igba ló wà nínú gbọ̀ngàn náà, mélòó kan nínú wọn ti ya. Olùdarí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà sísáré ló wọ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Kò fún mi ní ìwé eré. Ọsàn kan àti ọ̀bẹ kékeré ló fún mi.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ma. Ìyá ni yín. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́tà ọmọ yín ni mo fẹ́ kà fún yín. Ẹ kàn máa bó ọsàn yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọmọ kí ìyá rẹ̀ dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà rẹ̀, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Mo pinnu pé ìyá yìí ò ní jẹ́ kí èèpo ọsàn náà já, pé ohun tó kù tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo ń bó o, èèpo ń gùn, ó ń dọ̀bálẹ̀ sórí itan mi. Nígbà tí ó kà á dé ibi tí ọmọ ti sọ pé "a ti rí ibi tí wọn yóò ti máa tọ́jú yín," èèpo náà já.

Mi ò pète rẹ̀. Ó já fúnra rẹ̀. Mo mú ẹnu rẹ̀ méjèèjì, mo fẹ́ so wọ́n pọ̀. Wọn ò so. Mo tún gbìyànjú.

Olùdarí ò ka ìyókù. Ó ká lẹ́tà náà. "Ẹ mu ọsàn yín, ma. Ẹ̀yin la ti ń wá."

Mo mu ún níbẹ̀. Ó kan gógó. Mi ò tíì mu ọsàn tó dùn tó o rí.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti ka ìwé eré náà tán. Ìyá náà wà lórí àga láti ìgbà tí iná bá tàn títí iná fi máa kú, wákàtí méjì gbáko. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì àti ahọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta ń jà lójú rẹ̀ lórí bóyá kí wọ́n ta ilé tàbí kí wọ́n má tà á. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo tún ṣí i láti ẹ̀yìn wá bóyá ojú ló ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sí.

Ọkọ mi ń tú ẹ̀rọ ìlọta palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun nígbà tí mo sọ fún un. Ó gbé ìṣó ẹnu rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, wọ́n fẹ́ sanwó fún ọ kí o má sọ̀rọ̀? Ogún ọdún ni mo ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta irú ẹ̀."

Mo sọ ìrọ̀rí lù ú. Ó ní ṣé wọ́n á gbà kí n máa fi dánra wò nílé. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká mi lára díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe eré. Ipa tó tóbi jù tí mo tíì gbà, kò ní ohùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ a lọ kí Bàámi. Láti ọdún méjì tí etí wọn ti di, ìwé kan àti bírò wà lórí tábìlì wọn, ohun tí èèyàn bá fẹ́ sọ, kó kọ ọ́. Kí n tó jókòó ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè Àìkú Àìkú wọn, èyí tí wọn ò dẹ́kun láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀, bí ẹni pé yàrá káàdì kì í ṣe iṣẹ́.

"Ṣé o ti ríṣẹ́?"

Mo kọ ọ́ pé: Mo ti rí. Eré kan ni.

Wọ́n kà á, wọ́n ti ìwé náà padà sí mi. "Iṣẹ́ ni mo ní kí o wá."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Aago méjì ọ̀sán ni ìfidánrawò yóò máa bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bẹ ọ̀gá yàrá káàdì pé kí wọ́n fi mí sí iṣẹ́ aago márùn-ún ìdájí, èyí tí gbogbo èèyàn ń sá fún. Wọ́n wò mí láti òkè jígí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ma."

"Ẹni tó bá gba aago márùn-ún lọ́wọ́ mi, mi ò ní bi í ní ìdí." Wọ́n ti kọ orúkọ mi kí n tó parí ọpẹ́.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ ìfidánrawò àkọ́kọ́. Àwa òṣèré mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká. Àwọn mẹ́ta fi ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Tèmi, ohun tí òǹkọ̀wé kọ ni "Ìyá ń wò." Mo kà á, ó fara hàn nígbà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Ẹni tó ń ṣe àkọ́bí ni Ohùn Wúrà. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti ń ka ìròyìn lórí rédíò, ohùn rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́; tí ó bá ní "ẹ káàsán," fèrèsé á dáhùn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. "Ẹ kú oríire, ma. Iṣẹ́ tó rọrùn jù nínú ilé yìí lẹ gbà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹ̀yìn mi. Ìdí mi. Ta ló sọ pé ó rọrùn láti jókòó?

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Olùdarí dá mi dúró lẹ́yìn iṣẹ́. Ó wá àga, ó jókòó dọ́gba pẹ̀lú mi, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní dára.

"Ma, ẹ má bínú. Ojú yín ń pariwo."

Mo ní báwo.

"Tí wọ́n bá sọ nǹkan tó bà yín nínú jẹ́, ẹ ń ba ojú jẹ́. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ń ranjú. Lọ́jọ́ ọsàn yẹn, ẹ ò ṣe nǹkan kan nínú ìyẹn. Mi ò mọ ibi tí obìnrin yẹn lọ." Ó wo bàtà rẹ̀. "Títí ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, tí kò bá yí padà, a ó ní láti jókòó sọ̀rọ̀."

Mo mọ ohun tí "jókòó sọ̀rọ̀" túmọ̀ sí. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wo ara mi nínú dígí, mo rántí ìtàn kan tó bani nínú jẹ́, mo sì rí i: ojú ranjú, ẹnu fẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Àbàwọ́n ló ń wò mí. Ọkùnrin tẹlifíṣọ̀n yẹn ò purọ́ mọ́ mi. Mo sunkún níbẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n má baà gbọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Bàámi nígbà tí èmi àti ọkọ mi dé. Ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé wọn wá: wọ́n fẹ́ kí Bàámi kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ mi ní ṣé Bàámi á gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí bí wọn ò ṣe ní gbà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ìwé àti bírò wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bàámi wà láàárín wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bàámi.

Wọn kì í wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e ni wọ́n ń wò, kí ọ̀rọ̀ má baà já lù wọ́n. Nígbà tí ọkọ mi dápàárá tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n tiwọn fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, wọ́n sì tètè dá a dúró kí ó má baà ku àwọn nìkan. Ojú wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń ṣa èérún búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì, wọ́n ń tò ó ní ìlà tààrà.

Lójijì wọ́n yíjú sí mi. "Kí lò ń wò lójú mi?"

Mo fa ìwé, mo kọ ọ́ pé: Mò ń kọ́ṣẹ́.

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àwọn tó kù ń lọ sídìí ọkọ̀, Bàámi di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Iṣẹ́ wo?"

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ìyá, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, ilé títà, ojú mi tó ń pariwo, ohun tí olùdarí sọ. Ojú ewé mẹ́rin. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n jẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fa bírò pupa yọ, wọ́n tún àmì ohùn méjì ṣe kí wọ́n tó sọ nǹkankan.

"O wá jí ojú mi kó." Inú ń bí wọn. Mo ní kí n máa bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n wo ìlà èérún búrẹ́dì yẹn fún ìgbà pípẹ́. "Etí dídi kọ́ ló ń dun èèyàn. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ lójú rẹ bí ẹni pé o ti di àga. Ìwọ náà á wá máa ṣọ́ ara rẹ, kí wọ́n má baà rí i pé o mọ̀. Ìyá tó wà nínú ìwé rẹ yẹn, ìwọ ń fi ojú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í fi ojú sọ̀rọ̀. Ó ń fi ojú pa á mọ́ ni."

Mo dé bírò náà.

"Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá," ni wọ́n wí. "Mú ìwé eré yẹn wá. Má pẹ́ o."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ka káàdì ọgọ́rùn-ún méjì sínú kọ́ǹpútà láìgbé ìpéǹpéjú sókè. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bóyá wọ́n ti lé mi níṣẹ́.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo dé. Bàámi ti gbé àga sí àárín yàrá. Wọ́n mú rúlà onígi.

Bàámi fúnra wọn ló ṣe àwọn ọmọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n na ìwé eré jìnnà sí ojú, wọ́n ń kà á bí ẹni ń bá gbogbo ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí pápá, nítorí pé wọn ò gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń lọ tó. Aládùúgbò méjì yọjú lójú fèrèsé láti mọ ẹni tó ń jà. Ìgbàkígbà tí ìpéǹpéjú mi bá gbéra, rúlà á kan tábìlì. Pá! "Tún un ṣe." Tí ẹnu mi bá ṣí, pá! Ẹ̀ẹ̀kan, mo gbìyànjú láti jẹ́ kí omi lé sí mi lójú. Wọ́n gbé rúlà sọ́dọ̀ ètè mi. "Èyí wo ni tìyẹn?"

Nígbà tí ó di ọjọ́kanrí, mo ṣàkíyèsí pé rúlà ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń ka ibi tí àbíkẹ́yìn ti ń sọ pé àwọn máa gbé ìyá lọ síbi tí nọ́ọ̀sì wà. Wọ́n kà á dé àárín, wọn ò kà á tán. Wọ́n yọ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún. "Ìyá rẹ ì bá rí i."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Lónìí mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn jókòó, mò ń gbọ́ wọn, mò ń pa á mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni mo fún níṣẹ́: mò ń tẹ́ ìṣẹ́po kan lára síkẹ́ẹ̀tì mi pẹrẹsẹ, ó ń padà ká, mo tún ń tẹ́ ẹ.

Ohùn Wúrà dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró láàárín. "Kí ló dé tí gbogbo yín ń wò wọ́n? Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Kékeré ò gbójú kúrò lára mi. "Ó jẹ́ nítorí pé wọ́n ń gbọ́ yín, sà."

Kò dá mi dúró lẹ́yìn iṣẹ́. Níbi àtẹ̀gùn ló kàn fọwọ́ bà mí léjìká tó sáré kọjá. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ títí mo fi délé.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ohùn Wúrà ti wá ibi ìdúró tuntun fún ara rẹ̀. Iwájú mi gan-an ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ bá olùdarí bí ọmọ iléèwé. Nígbà ìsinmi mo lọ bá a níbi tó ti ń mu tíì.

"Ọ̀gá mi, láti Ajé ni mo ti ń wo ẹ̀yìn yín. Ojú ìránṣọ ẹ̀wù yín ti fẹ́ já."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó wo inú ife rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Ẹ̀yin jókòó lásán, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rò pé kò dùn mí?"

Mo ti múra ìjà. Ìdáhùn yẹn gba ìjà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó tì í.

"Nígbà tẹ́ ẹ bá bò mí, kò sẹ́ni tó máa rí bí ọ̀rọ̀ yín ṣe ń wọlé sí mi lára," mo wí. "Tẹ́ ẹ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ni màá máa wò. Ibi tí mo bá sì ń wò ni àwọn òǹwòran máa wò."

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, ó dé ibi tó ti máa ń dúró, ó dúró díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sápá òsì. Mo gbé ojú mi lé e. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa ju bó ṣe ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, òun náà sì mọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ibà. Mo jókòó gbọ̀n lórí ìtàgé. Àbíkẹ́yìn mi nínú eré ní òun ò tíì rí aláìsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni eré àkọ́kọ́. Ọkọ mi ti bá wọn tún iná méjì tó ń ṣẹ́jú lókè ìtàgé ṣe, kò gba nǹkankan ju ìjókòó iwájú lọ. Ojú ọjọ́ ṣú. Mi ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo jí, mo kọ́kọ́ wo àjà bóyá àlá ni.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán àná, mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá. Wọ́n wá. Nígbà tí iná tàn, mo rí i pé gbọ̀ngàn kún, àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú agboòrùn tó ń kán omi lẹ́sẹ̀ wọn. Obìnrin kan níwájú sọ ọ́ sétí ẹnì kejì rẹ̀, mo gbọ́ ọ ketekete: "Ìyá Àbàwọ́n kọ́ nìyẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pa á mọ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́.

A dé apá kejì. Ohùn Wúrà rìn wá sí àárín. Níbẹ̀ ló ti máa bi àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìbéèrè tí gbogbo eré náà dúró lé lórí: "Ta ló ni ilé yìí gan-an?" Ó la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Nígbà náà ni mo rí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá. Àwọn àbúrò méjèèjì dúró bí òpó, torí pé ìdáhùn nìkan ló wà lẹ́nu wọn, ta ló sì lè dáhùn ohun tí wọn ò tíì bi í? Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn.

Èmi mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá sì sọ ọ́, eré ti kú nìyẹn.

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi kúrò lórí itan. Díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ aláìsàn. Mo gbé e sókè sí òrùlé. Mo tọ ògiri wá sísàlẹ̀, mo tọ ilẹ̀ yí ká. Mo nàka sí ọmọ mi kejì. Mo nàka sí àbíkẹ́yìn. Mo nàka sí òun fúnra rẹ̀. Mo wá yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní òfìfo, mo ń wò ó.

Ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta," ó wí. "Ta ló ni ilé yìí gan-an?"

Ohùn wúrà kọ́ ló fi sọ ọ́. Ohùn ọmọdé tó ṣìnà ni. Ẹnì kan nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀, "Háà."

Nígbà tí a parí, ìpàtẹ́wọ́ náà bo ariwo òjò lórí páànù. Ohùn Wúrà di ọwọ́ mi mú, ó fà mí wá síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ ní èmi nìkan. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn ti dìde dúró, ó ń fi gèlè nu ojú.

Lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, Ohùn Wúrà gbá mi mọ́ra. Olùdarí sáré dé. "Ta ló pa ọwọ́ yẹn láṣẹ?" A wo ara wa. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é lójoojúmọ́."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ìwé ìròyìn kọ nípa wa. Ìlà mẹ́sàn-án lórí eré, márùn-ún nínú wọn lórí ìyá. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun kò mọ̀ pé wákàtí méjì ti lọ, pé lọ́jọ́ kejì òun lọ kí ìyá òun. Ọ̀gá yàrá káàdì gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Àwọn aláìsàn ń kà á bí wọ́n ṣe tò sórí ìlà. Wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún eré wa. Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì Àbámẹ́ta ti tán.

Ajé, ọjọ́ keje

Bàámi wá wò wá lánàá, ní eré ọ̀sán. Ọkọ mi ló gbé wọn wá. Láti orí àga mi mo rí wọn ní ìlà kẹta, wọ́n de táì, ọrùn wọn tọ́ ṣánṣán. Mo ní kí n má wò wọ́n mọ́, torí ojú mi ò ní lè pa ìyẹn mọ́.

Lẹ́yìn eré wọ́n gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wá sí yàrá ìmúra láìdúró de ẹnikẹ́ni. Yàrá náà ò tóbi, ohùn wọn sì kún un dé òrùlé.

"Èmi ni mo kọ́ ọ!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Ohùn Wúrà, tó ń nu àtíkè lójú, dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Sà, ibo lẹ ti kọ́ṣẹ́ ìtàgé?"

Wọn ò gbọ́ ọ. "Ìwọ àkọ́bí," ni wọ́n sọ fún un, wọ́n na ìka, "o dára. Ṣùgbọ́n irọ́ lò ń pa fún ìyá rẹ nígbà tí o sọ pé o ti sọ fún dókítà. Ó rí ọ. Mo rí i tó rí ọ." Wọ́n kọjú sí àbíkẹ́yìn. "Ìwọ ni mi ò lè dárí jì." Àbíkẹ́yìn bẹ̀bẹ̀. Wọ́n sọ eré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ta ló ṣẹ ta, ta ló fẹ́ ta ilé nítorí ìyàwó rẹ̀, wọn ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Níbi ìdí ọkọ̀, Bàámi mú ìwé àti bírò jáde lápò, wọ́n fún ọkọ mi. "Kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ. Kọ ọ́ pé èmi ò kó lọ síbì kankan. Kọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá wo eré yìí." Nígbà tó yá ni wọ́n kọjú sí mi, wọ́n tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe bí ẹni tí mò ń lọ sí kíláàsì àkọ́kọ́. Wọ́n kàn di èjìká mi méjèèjì mú, wọ́n ń mì mí, wọ́n ń mì mí.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ilé eré ńlá ti ìlú pè mí. Olùdarí wọn wá wò wá lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Eré tuntun, oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìlú mẹ́sàn-án. Obìnrin tó ni ilé ìtẹ̀wé tí ìjọba fẹ́ tì pa ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Mo bi wọ́n bóyá ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lórí fóònù rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fún ọ̀gá yàrá káàdì ní lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ jígí ojú. "Ta ló wá máa gba aago márùn-ún lọ́wọ́ mi báyìí?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn sì pọ́n.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Eré wa parí. Ọ̀gá Kékeré gun orí ìtàgé pẹ̀lú bàtà sísáré rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ẹkún gbà á lẹ́nu. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó ara wa jọ yí i ká.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yàrá ńlá, fèrèsé gíga, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lórí tábìlì tó gùn bí ojú ọ̀nà. Àwa mẹ́rìndínlógún. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Obìnrin àgbà kan tó jókòó tì mí tẹ̀ síwájú wo ìwé eré mi, ó ṣí i wò, ó tún ṣí i, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n fi ọ ṣe báyìí? Ìwọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀!"

Mo gba ìwé náà, mo ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Olùdarí ibẹ̀ kí wa káàbọ̀, ó ní òun ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, kí a ka eré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró. Bébà dún wẹ́rẹwẹ̀rẹ yí tábìlì ká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pé àárọ̀ ni, pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún, pé ilẹ̀kùn ṣí, pé obìnrin kan wọlé tòun ti fìlà iṣẹ́ lórí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú eré náà, tèmi ni.

Mo la ẹnu, mo sọ ọ́.